Ààrò Bíríkì ní Ẹ̀hìnkùlé: Bí a Ṣe Lè Kọ́ Ọ Kí Ó Má Baà Ṣe Ènìyàn ní Jàǹbá

Ẹ̀yin ará wa, ilé tí a kì í dáná ní ẹ̀hìnkùlé rẹ̀ nígbà àsè kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìbáà ṣe ìkómọ, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe òkú àgbà, ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a wá òkúta ńlá mẹ́ta, kí a tò wọ́n sí ibi tí àyè bá wà, kí a gbé ìkòkò lé wọn lórí, kí a sì ki igi bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àsè bá parí, a ó yí àwọn òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí di ọjọ́ mìíràn. Báyìí ni àwọn baba wa ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀hìnkùlé tiwọn kì í ṣe irú tiwa. Erùpẹ̀ lásán ni ilẹ̀ tiwọn; tiwa ti di sìmẹ́ńtì, ó ti di àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí a tò tí wọ́n há mọ́ ara wọn, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní intalọ́ọ̀kì. Sílíńdà gáàsì wà ní igun kan, ẹ̀rọ amúnáwá wà ní igun kejì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, wáyà iná mànàmáná sì gba òkè kọjá. Níbi tí irú nǹkan wọ̀nyí gbé wà, a kò lè máa dáná bí ẹni tí ó wà nínú oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́hìn, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sin òkú ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn. Ilé tuntun ni ó kọ́ síbẹ̀, ó sì ti to intalọ́ọ̀kì sí gbogbo ẹ̀hìnkùlé, ó mọ́ tónítóní. Orí intalọ́ọ̀kì yìí gan-an ni àwọn alásè to òkúta lé, òkúta tí àwọn ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti etí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo kí wọn pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dá mi lóhùn pé, "A dúpẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má jìnnà, ìrẹsì kò ní í pẹ́ jinná." N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ ìró kan bí ìró ìbọn. Òkúta kan ti bẹ́ lábẹ́ ìkòkò. Ìkòkò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi gbígbóná sì dà sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan tí ń bá wọn kó igi. Ariwo ta. Ẹnìkan ní kí a mú epo pupa wá, ẹlòmíràn ní kí a pa ẹyin adìẹ lé e, ẹ̀kẹta ní omi ògì ni ó dára jù. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tí ó wà láàárín àwọn àlejò, ẹni tí ó lé gbogbo wọn sẹ́hìn, tí ó sì gbé ọmọ náà lọ sí abẹ́ ẹ̀rọ omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi tọ́jú ẹsẹ̀. Nígbà tí a gbá eérú kúrò ní ọjọ́ kejì, gbogbo intalọ́ọ̀kì tí ó wà lábẹ́ iná náà ni ó ti sán, tí ojú rẹ̀ sì ti ṣí pẹ́lẹ́ńgẹ́-pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀rẹ́ mi bínú sí àwọn alásè. Mo sọ fún un pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Òun tí ó kọ́lé tí kò ṣe ibi ìdáná sí i ni ó jẹ̀bi. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò jiyàn.

Kí ni ó mú òkúta bẹ́? Omi ni. Òkúta tí ó ti pẹ́ nínú odò ti mu omi sínú àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí. Bí iná bá mú un, omi náà yóò hó, yóò sì di oru. Oru ń fẹ́ àyè ju omi lọ púpọ̀púpọ̀: bí omi ife kan ṣoṣo bá di oru tán, oru náà lè kún nǹkan bí ife 1,700. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tètè rí ọ̀nà jáde nínú òkúta, yóò fi agbára la ọ̀nà fún ara rẹ̀, òkúta yóò sì fọ́n ká. Òkúta tí kò ti odò wá náà ní àbùkù tirẹ̀. Nínú òkúta líle tí a ń fọ́ sí ojú títì, èròjà kan wà tí ń dán bí dígí. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 573, èròjà yìí yóò wú lójijì, òkúta yóò sì sán. Ẹ rántí pé ní ìwọ̀n 100 péré ni omi ń hó. Iná igi tí ó bá jó dáadáa lè kọjá 573 láìpẹ́ rárá.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹni tí ó bá rí i bí ó ti le tó yóò rò pé kò sí ohun tí iná lè fi í ṣe. Ṣùgbọ́n omi ni ó mú sìmẹ́ńtì le. Nígbà tí bíríkìlà bá po sìmẹ́ńtì mọ́ omi, kì í ṣe gbogbo omi náà ni oòrùn ń fà gbẹ. Apá kan nínú rẹ̀ á wọ inú sìmẹ́ńtì lọ, á di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀, èyí ni ó sì ń so yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀. Iná ńlá á tún lé omi yìí jáde. Bí omi náà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni agbára sìmẹ́ńtì ń dín kù, nígbà tí ooru bá sì ti ń kọjá ìwọ̀n 400, agbára náà á máa dín kù gidigidi. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ààrò tí a fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́ kì í fi í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń bẹ́ bí òkúta odò, pàápàá bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i.

Àwọn àgbà wa ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ẹ má ṣe pe èyí ní òwe lásán, ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Amọ̀ ni àpáàdì tẹ́lẹ̀. Iná ni a fi sun ún kí ó tó di ìkòkò, kí ìkòkò náà tó fọ́. Omi tí iná ìbá lé jáde nínú rẹ̀ ti jáde ní ọjọ́ tí a sun ún. Bákan náà ni bíríkì pupa tí a fi iná sun. Ooru tí a fi ń sun ún máa ń tó ìwọ̀n 900 sí 1,100, nítorí náà iná ìdáná kì í ṣe àjèjì sí i. Òfin àkọ́kọ́ nínú kíkọ́ ààrò ni pé ohunkóhun tí yóò fi ojú kan iná gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ti la iná kọjá rí. Sìmẹ́ńtì àti òkúta lè wà ní ìta, kí wọ́n má ṣe wà nínú.

Títẹ́ àgbàlá pàápàá kì í ṣe ohun tí òyìnbó kọ́ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wa ilẹ̀ àgbàlá jáde tí a fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò da àpáàdì náà sílẹ̀ gbalasa. Ńṣe ni wọ́n tò ó ní ìnàró, etí rẹ̀ ni ó kọjú sí òkè, ní ibòmíràn wọ́n sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ dá ọnà sí àárín rẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti ju 500 ọdún lọ, ìtàn Ifẹ̀ sì so ó mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àpáàdì púpọ̀ nílé, kí ó má ṣe dà á nù. A ó rí iṣẹ́ fún un níwájú.

Irú ààrò tí à ń wí yìí, tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ díẹ̀, tí a fi bíríkì mọ yípo, tí a sì tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ yí i ká, wọ́pọ̀ ní ẹ̀hìnkùlé àwọn ará Amẹ́ríkà. Kì í ṣe àsè ni wọ́n ń fi í sè. Wọ́n máa ń jókòó yí i ká ní alẹ́, wọn a máa yáná, wọn a máa sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Ohun tí ó yẹ kí a mú nínú tiwọn ni ìwọ̀n. Ìwé òfin iná tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ń lò wí pé igi tí ń jó nínú irú iná bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ilé àti sí ohunkóhun tí ó lè gbiná. Ẹsẹ̀ bàtà 25 jẹ́ nǹkan bí ìṣísẹ̀ 10 fún àgbàlagbà.

Ibi tí a ó kọ́ ààrò sí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í rò dáadáa. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, kí àwọn ìyá má baà rìn jìnnà." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ méjì ni ó pín ọdún láàárín ara wọn. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ ń ti ìhà òkun wá, láti agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ní ìgbà ọyẹ́, láti agbedeméjì àríwá àti ìlà-oòrùn ni ó ti ń fẹ́ wá. Bí ààrò bá wà ní igun tí ọyẹ́ ti ń wá, ẹ̀ṣẹ́ná yóò máa fò lọ sí ara ilé ní àkókò tí gbogbo nǹkan gbẹ jù lọ. Bí ó bá sì wà ní igun tí afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, èéfín yóò máa wọ yàrá. Nítorí náà igun méjì ni ó dára: èyí tí ó wà láàárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ilé, tàbí èyí tí ó wà láàárín gúúsù àti ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ méjèèjì yóò gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Ẹni tí kò bá mọ bí ilé rẹ̀ ti dúró, kí ó jáde ní òwúrọ̀, kí ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ: àríwá wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, gúúsù wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó sì rántí pé aládùúgbò náà ní òrùlé.

Lẹ́hìn èyí, ẹ wo òkè, kí ẹ sì wo ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀ka máńgòrò, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí wáyà iná mànàmáná lókè ààrò. Nísàlẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá ṣálángá àtijọ́ wà níbẹ̀ rí, nítorí ilẹ̀ tí a dí padà lè rì. Ẹ má ṣe kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣálángá tí à ń lò lọ́wọ́ tàbí sóòkàwéè. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú wọn jáde lè gbiná. Páìpù omi àti wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ náà wà nínú ohun tí a gbọ́dọ̀ wádìí kí díígà tó kan ilẹ̀.

Bí ẹ̀hìnkùlé yín bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi kan nínú rẹ̀ tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ilé, òtítọ́ ni n ó bá yín sọ: ẹ má ṣe kọ́ ààrò yìí rárá. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà ṣe ìdáná onírin tí ó ṣeé gbé, kí ẹ máa gbé e lọ sí ìta gbangba ní ọjọ́ àsè. Mo mọ̀ pé àwọn bíríkìlà kan yóò sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 10 tó. Àwọn kọ́ ni yóò sùn sínú ilé náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ààrò tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tó gba ìkòkò àsè ńlá. Bíríkì tí ó gùn ní íǹṣì 9, tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 4½, tí ó sì nípọn ní íǹṣì 3 ni a ó lò. Orí bíríkì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúkúrú, ni yóò kọjú sí iná, kí gígùn rẹ̀ lè di ìnípọn ògiri. Bí a bá tò ó báyìí, bíríkì 25 ni yóò yípo lẹ́ẹ̀kan. Ìpele 6 ni a ó mọ, 2 nínú ilẹ̀, 4 lókè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150. Ẹ ra 160, nítorí àwọn kan yóò fọ́. Bíríkì ilé àtijọ́ tí a wó dára, bí a bá lè gbá sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ kúrò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi bíríkì méjì kan ara wọn: èyí tí ó jinná yóò dún bí irin, èyí tí kò jinná yóò dún pọ̀kọ̀ bí igi.

Amọ̀ ni a ó fi so bíríkì pọ̀ dípò sìmẹ́ńtì. Èyí tí ó dára jù ni amọ̀ òkìtì ọ̀gán, nítorí àwọn ikán ti lọ̀ ọ́ kúnná kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi yanrìn tí ó kúnná pò ó, agbada amọ̀ 2 sí yanrìn 1. Ẹ fi omi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ bò ó mọ́jú. Nítorí pé amọ̀ ìlú kan kò rí bí ti ìlú kejì, ẹ kọ́kọ́ ṣù ú bí ẹyin adìẹ, kí ẹ sì fi í sí òjìji kí ó gbẹ. Bí ó bá sán, yanrìn rẹ̀ kò tó. Bí ó bá ń rún ní ọwọ́, yanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ kan èèkàn kan mọ́ ibi tí yóò jẹ́ àárín ààrò, kí ẹ so okùn tí ó gùn ní íǹṣì 30 mọ́ ọn, kí ẹ sì fi orí okùn náà fa ìlà yípo. Ihò tí a ó gbẹ́ yóò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí intalọ́ọ̀kì bá ti wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe fọ́ ọ, a ó tún lò ó. Ẹ gbẹ́ ihò náà jin ní íǹṣì 12, kí ẹ sì fi igi wúwo lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi le. Lẹ́hìn náà, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní íǹṣì 3, ẹ lù ú. Ẹ tún da íǹṣì 3 lé e, ẹ tún lù ú. Ẹni tí ó bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ó wá ń lu òkè nìkan ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò, nítorí ìsàlẹ̀ kò ní í gbọ́. Bárò 4 tàbí 5 ni òkúta wẹ́wẹ́ yìí yóò jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí omi òjò rí ọ̀nà gbà lọ. Ẹ má ṣe da sìmẹ́ńtì sí ìsàlẹ̀ ààrò, nítorí bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbada omi ni ẹ kọ́, kì í ṣe ààrò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé òkúta wẹ́wẹ́ yìí yóò bẹ́ bí ti odò, kí ó da yanrìn gbígbẹ lé e ní íǹṣì 2 nínú òbíríkítí ààrò, nígbà tí a bá mọ ògiri tán, kí iná má baà fi ojú kàn án.

Nígbà yìí, ẹ dín okùn kù sí íǹṣì 18, kí ẹ tún fa ìlà yípo lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìlà yìí ni orí bíríkì yóò fara kàn. Ìpele àkọ́kọ́ ni ó gba sùúrù jù, nítorí bí ó bá wọ́, gbogbo èyí tí ó wà lórí rẹ̀ yóò wọ́. Ẹ fi lẹ́fẹ̀lì wò ó ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò ní lẹ́fẹ̀lì lè lo ọ̀pá rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀, tí a rọ omi sí, nítorí ojú omi kì í purọ́. Nítorí pé òbíríkítí ni à ń mọ, àwọn bíríkì yóò súnmọ́ ara wọn nínú, wọn yóò sì ya ara wọn ní ìta tó nǹkan bí íǹṣì 2. Ibi tí àpáàdì wa ti wúlò nìyí: ẹ fi òun àti amọ̀ dí àlàfo náà pinpin. Kí amọ̀ àárín bíríkì má ṣe nípọn. Ní ìpele kejì, àárín bíríkì kan gbọ́dọ̀ bo ojú ibi tí méjì ti pàdé ní ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i lára ògiri ilé.

Ìpele kejì yìí bá ilẹ̀ dọ́gba. Ìpele kẹta ni a ó fi ojú afẹ́fẹ́ sí. Ẹ yọ bíríkì 2 kúrò nínú 25, kí ẹ sì sún àwọn tí ó kù títí àlàfo 4 yóò fi wà láàárín wọn, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 2. Àwọn tí kò fi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ni ẹ máa ń rí tí wọ́n ń fẹ́ iná tí omijé ń dà lójú wọn. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ kì í jó igi tán. Ohun tí kò jó tán náà ni a ń pè ní èéfín. Ẹ mọ ìpele mẹ́ta yòókù láìfi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta wẹ́wẹ́ dí àyè tí ó kù láàárín ògiri àti etí ihò. Ìdáná irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dúró nínú ààrò tí ìkòkò yóò jókòó lé. Ó gbọ́dọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí ìkòkò kò fi ní í rẹlẹ̀ ju etí ògiri lọ.

Títẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nira. Intalọ́ọ̀kì tí a yọ tàbí bíríkì ni a ó tẹ́ sórí yanrìn, yípo ààrò, ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ìta, kí ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti ń jìnnà sí ààrò. Bíríkì ògiri ti bo iná mọ́lẹ̀, nítorí náà sìmẹ́ńtì tí ó wà níbẹ̀ kò ní í ríran rí iná. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì tí mo fi fẹ́ kí a tẹ́ ẹ ni ti àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ bàtà 3 jẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi bíríkì pupa tẹ́ ibẹ̀, tí a sì ń wí fún un lójoojúmọ́ pé, "Má tẹ pupa," yóò mọ̀ ọ́n. Bí iná bá ń jó, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tí ń ro ọbẹ̀.

Kí ẹ tó lo ààrò náà, ẹ jẹ́ kí amọ̀ rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa bò ó bí òjò bá ṣú. Iná àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdì igi wẹ́wẹ́ kan lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ tún fi kún un. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ lónìí tí ó gbé ìkòkò àsè lé e lọ́la yóò rí i bí amọ̀ yóò ti máa bọ́. Ní ti igi, èyí tí ó gbẹ nìkan ni kí ẹ lò. Igi tútù lè jẹ́ pé ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni omi, iná yóò sì kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ gbẹ omi yìí kí ó tó se oúnjẹ yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi táyà, ọ̀rá tàbí pákó tí a kùn ní ọ̀dà dáná oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ikú tí èéfín ìdáná ilé fà ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 3.2, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn sì ju 237,000 lọ. Ààrò ìta gbangba dín ewu yìí kù, ṣùgbọ́n kò pa á run. Kí ẹni tí ń dáná máa dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ó má ṣe dúró sí ibi tí ó ń lọ.

Ẹ má ṣe da epo bẹntiróòlù sí igi kí iná lè tètè ràn. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rìn nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, iná sì lè bá a dé ẹsẹ̀ ẹni tí ó mú kẹ́ẹ̀gì dání. Kí korobá omi kan àti korobá yanrìn kan wà nítòsí nígbà gbogbo. Yanrìn ni kí ẹ fi pa iná inú ààrò, nítorí omi tútù lórí bíríkì gbígbóná a máa mú un sán. Omi wà fún ohun tí ó bá gbiná ní ìta, àti fún ènìyàn.

Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ohun tí nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé ibi tí ó jó sí abẹ́ omi tútù tí ń ṣàn, kì í ṣe omi yìnyín, fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó wú, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa, ẹyin adìẹ, ògì, ìpara ìfọyín, kẹrosíìnì: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó yẹ kí ó kan ojú egbò iná. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan yóò bá mi jà lórí èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ lo omi.

Eérú a máa tan ènìyàn jẹ. Òkè rẹ̀ lè tutù kí ẹyinná ṣì wà láàyè nísàlẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Inú garawa onírin tí ó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, ẹ má ṣe kó o sí àpò tàbí ìdí igbó. Bí ó bá tutù tán, àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú yóò fẹ́ ẹ. Bákan náà, bí ọyẹ́ bá mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹyinná wọ yàrá láti yáná kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ń jáde lára rẹ̀, ó sì lè pa gbogbo ẹni tí ó sùn síbẹ̀ láìjí wọn.

Ní ìgbà òjò, ẹ fi páànù àtijọ́ kan bo ààrò, kí ẹ gbé òkúta lé e kí ìjì má baà gbé e lọ. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀ lẹ́hìn òjò, eérú ni ó ti dí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ kó ti òkè kúrò, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn orí rẹ̀. Ẹ má ṣe dá iná ńlá sí i ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù; iná kékeré ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́ ná. Nígbà tí òjò bá sì dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, ẹ yẹ àárín àwọn bíríkì wò, kí ẹ fi amọ̀ ọ̀gán dí ibi tí ó bá ti bọ́, kí ọ̀wọ́ àsè oṣù kejìlá tó dé.